Ọ̀kan Lẹ́yìn, Ọ̀kan Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lóṣù yìí lè má jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ abiyamọ tó pọn ìkókó sẹ́yìn, tó tún fa ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́, tó sì ń wá ọkọ̀ tí yóò wọ̀ ni. Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé kò ju kí ènìyàn kúrò nílé kí ó dé ibi tó ń lọ. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, títí di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní Sábó, nílùú Ilé-Ifẹ̀.

Ìpàdé àwọn pásítọ̀ ni à ń lọ ní Iléṣà. Bí a ti dé Sábó, a rí ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin ìjọ wa tó dúró lẹ́bàá títì. Ìkókó tí a sọ lórúkọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìkókó náà, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta ààbọ̀, di ìró ìyá rẹ̀ mú. Báàgì wà ní èjìká ìyá, agbòòrùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn wà láàárín eyín rẹ̀. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. A dín eré ọkọ̀ kù, a fọn fèrè, a juwọ́ sí i, a sì ké sí i pé, "Ìyá Ìkókó, ẹ kú ìtọ́jú o! Olúwa á fún yín lókun." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbìyànjú láti kúnlẹ̀, níwọ̀n bí ẹrù tó wà lára rẹ̀ ti gbà á láyè mọ. A bá tiwa lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ṣófo. Àpò ìwé méjì péré ló jókòó síbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó wa tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a kọjá. Ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọ̀já sì ń tú. Ìyá fẹ́ tún ọmọ pọ̀n. Ẹ̀yin ìyá mọ bí a ti ń ṣe é: ènìyàn á tẹ̀ba, ọmọ á dùbúlẹ̀ lé ẹ̀yìn, ọwọ́ méjèèjì á sì wà lára aṣọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn, kò sí ọwọ́ tó kù fún ẹ̀gbọ́n. Ọmọkùnrin náà rí ẹni tó ń ta ẹ̀pà ní òdìkejì, ó sì já lu títì. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ yà fún un, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Mọ́tò mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà náà. Bàbá Haúsá kan tó ń ta àlùbọ́sà ló sáré na ọwọ́, ó gbá ẹ̀wù ọmọ náà mú, ó sì fà á padà. Ìgbúnwọ́ ọmọ nìkan ló bó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ifẹ̀ mọ̀ pé àwọn Haúsá ti ń gbé ní Sábó láti ọjọ́ pípẹ́. Èdè wọn ni orúkọ náà ti wá, Sabon Gari, ìyẹn ìlú tuntun. Ẹ sì mọ̀ pé ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjà ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá, tí ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò. A kò fẹ́ tún egbò náà ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ irú ọwọ́ tó di ọmọ ìjọ wa mú, a kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà la lọ sílé wọn. Kí a tó jókòó ni arábìnrin náà ti ń bẹ̀ wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. N kò fi ọmọ ṣeré o. Ọwọ́ mi ni kò tó." A sọ fún un pé àwa ló yẹ kí a bẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹ̀yìn ọkọ̀ wa ṣófo nígbà tí a kọjá lára rẹ̀. Ó fèsì pé, "Mo rò pé ẹ ń kánjú ni, sà." Òótọ́ ni. À ń kánjú. Bẹ́ẹ̀ sì ni a dé Iléṣà, a jókòó fún odidi wákàtí kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wo àwọn abiyamọ ní ìlú yìí pẹ̀lú ojú mìíràn, a sì rí ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ bá wa rí. Nígbà tí ìyá bá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, gbogbo ènìyàn ló ń na ọwọ́ láti gba ìkókó. "Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá!" Ìkókó dùn ún gbà. Ó rọ̀, ó ń ta sánsán páúdà, kò sì lè sá lọ. Ta ló ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n dọ̀tí lẹ́nu, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń jowú àbúrò rẹ̀, ó fẹ́ kí a gbé òun náà. Ìkókó tí a ti pọ̀n dáadáa kò ní ibì kan tí yóò lọ. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ewu ojú títì wà fún jù.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kò ga. Bí ó bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì, dírẹ́bà tó ń bọ̀ kò lè rí i, òun náà kò sì rí dírẹ́bà. Kò tíì lè mọ bí mọ́tò ti ń sáré tó tàbí bí ó ti jìnnà tó. Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí sọ pé ọmọ a máa tó ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá kí a tó lè gbẹ́kẹ̀ lé ìdájọ́ rẹ̀ lórí èyí. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Kì í ṣe oríkunkun. Bí orí ọmọ ti ń dàgbà ni. Nítorí náà, ìyá tó sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé "Dúró síbẹ̀, má mira" kò tíì ṣe nǹkan kan, bí ó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó.

Ọ̀rọ̀ ewu ojú ọ̀nà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní Ifẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ pa akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ fásitì púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní fásitì náà nígbà yẹn, kò fi mọ sí kíkẹ́dùn. Òun ló jà fún un títí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa ní àgbáyé lọ́dún kan, àti pé òun ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún ronú lórí ara ìyá fúnra rẹ̀. Ìkókó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà a máa wọn nǹkan bí kílò mẹ́rin sí márùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ a máa súnmọ́ kílò mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ̀ láti rìn, tí ìyá sì gbé e, ó ti di nǹkan bí ogún kílò, a kò tíì ka báàgì mọ́ ọn. Obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, àwọn dókítà a máa kìlọ̀ fún un pé kí ó má gbé ohun tó wúwo ju ìkókó rẹ̀ lọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ta ni yóò wá gbé ẹ̀gbọ́n? Láyé àwọn ìyá wa, ìyá àgbà wà nínú agbo ilé, àwọn ìyàwó ilé wà, ẹ̀gbọ́n a máa ṣeré lágbàlá kí ìyá rẹ̀ tó dé. Lónìí, yàrá méjì la háyà, àwọn ará ilé kejì ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá àgbà wà ní abúlé tàbí kí òun náà máa tajà lọ́jà. Ìdí nìyí tí ọmọ méjèèjì fi ń bá ìyá wọn lọ síbi gbogbo.

Ìrìn náà kò sì mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tí a fún ọmọ nígbà tí a bí i, ìyá gbọ́dọ̀ tún gbé e lọ ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Ìgbà márùn-ún nìyẹn, bí kò bá sí ibà, tí kò sí ikọ́, tí nọ́ọ̀sì kò sì sọ pé kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A kò fẹ́ kí ìyá kankan torí wàhálà ọkọ̀ fo ọ̀kan nínú wọn.

Ní ti ká jáde nílé, ìyàwó wa àti àwọn ìyá díẹ̀ nínú ìjọ bá wa jókòó, wọ́n sì là wá lóye. Àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún abiyamọ, ti ẹ̀gbọ́n sì ni ọwọ́ náà. Kò gbọdọ̀ di nǹkan mìíràn mú. Kí báàgì kọ́ rékọjá àyà, kí káàdì wà nínú ọ̀rá nínú báàgì, kí owó ọkọ̀ ti wà ní ṣẹ́ẹ́ńjì ní ibi tí ọwọ́ lè tètè dé. Ọrùn ọwọ́ ọmọ ni kí a dì mú, kì í ṣe ìka. Ìka a máa yọ̀, pàápàá ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ búrẹ́dì tán. Apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, nítorí náà apá òsì ni kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójúkojú, kí ọmọ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí títì. Ẹnìkan bi wá pé, gọ́tà ńkọ́? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọ tó jìn sí gọ́tà yóò dọ̀tí, yóò sì sunkún. Nígbà òjò, tí omi bá kún gọ́tà, kí ìyá dúró sábẹ́ òrùlé kí òjò fi dá ni, nọ́ọ̀sì yóò gbọ́.

Bí ọ̀já bá tú lọ́nà, ẹ má ṣe tún ọmọ pọ̀n lẹ́bàá títì. Ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ yín, kí ẹ sọ fún ẹni tó wà níbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọmọ yìí mú." Arábìnrin wa sọ pé ojú ń ti òun láti bẹ ẹni tí òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá alálùbọ́sà kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì dúró kí a bẹ òun.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gba àkókò wa jù. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọ̀kadà kíákíá. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan ni wọ́n fi pè é, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí pé àwọn kan ń fò ní tòótọ́. Ìkókó lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ní iwájú lórí táńkì epo, ìyá láàárín: gbogbo wa là ń rí i lójoojúmọ́, a sì ti wá ń wò ó bí ohun tó yẹ. Kò yẹ. Orí ọmọ kò ní akoto, etí ìró tàbí ìdí ọ̀já lè há sínú táyà, kò sì sí ẹni tó di ẹni tó wà níwájú mú bí kò ṣe apá ẹni tó ń fi apá kan náà wa ọ̀kadà. Bí ọ̀kadà nìkan ló bá wà, kí ìyá dúró de nǹkan mìíràn. A mọ̀ pé owó kẹ̀kẹ́ ju ti ọ̀kadà lọ nígbà mìíràn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí nígbà tí ẹ bá ń fún ìyàwó yín ní owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń pè ní Márúwá, tó gba orúkọ lọ́dọ̀ ọ̀gágun Buba Marwa tó jẹ́ gómìnà ológun ní Èkó ní 1996 sí 1999, sàn ju ọ̀kadà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àárín ni kí ẹ̀gbọ́n jókòó, kì í ṣe etí, bó ti wù kí ó sunkún pé òun fẹ́ rí ìta tó. Kí ìyá sì sọ ìkókó kalẹ̀ láti ẹ̀yìn kí ó tó wọlé, kí ó gbé e sí àyà. Ohun kan náà la sọ fún ẹni tó bá wọ kòròpé tàbí dánfó. A ti rí ìyá tó fi ẹ̀yìn ti àga nígbà tí ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, ara ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ àga, ọmọ tí kò sì lè sọ̀rọ̀ kò lè ní kí ìyá rọra. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé àti jáde náà ní ètò tirẹ̀. Tí a bá ń wọlé, ẹ̀gbọ́n ni kí ó kọ́kọ́ wọlé, kí ìyá tẹ̀ lé e. Tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ìyá ni kí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ó tó fa ẹ̀gbọ́n jáde sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe ti títì. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i padà. Wọ́n á ní, "Òyà, bọ́ọ́lẹ̀, bọ́ọ́lẹ̀!" Ọmọ á fò sílẹ̀ kí ìyá tó jáde, títì ni yóò sì bá ara rẹ̀. Bí kọ́ńdọ́ bá ń pariwo pé kí ẹ ṣe kíá, ẹ jẹ́ kí ó pariwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ọ̀rọ̀ yín wà níbí pẹ̀lú. Àga iwájú kì í ṣe ti ọmọ kékeré. Itan dírẹ́bà kì í sì í ṣe àga ọmọ, bó ti wù kí ọmọ fẹ́ràn láti di ọwọ́ ọkọ̀ mú tó. Bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan, kò sí apá ìyá tó lè di ìkókó mú. Àga ọmọdé tí a dè mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí ìkókó kọjú sẹ́yìn nínú rẹ̀, ló dára jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ikú ìkókó nínú ìjàǹbá kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Tòkunbọ̀ rẹ̀ wà lọ́jà. Kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ó má ṣe ní sísán, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, tí wọ́n máa ń kọ sí ìdí rẹ̀.

Ní ti ọ̀já, ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a fi ojú ohun àtijọ́ wò ó. Àwọn aládùúgbò wa ní Sábó ń pè é ní goyo, àwa ń pè é ní ìpọ̀n, ọgbọ́n kan náà ni. Ẹsẹ̀ ọmọ tó yà sí ìhà méjèèjì ìbàdí ìyá ń ran oríkèé ìbàdí ọmọ lọ́wọ́ láti jókòó dáadáa. Àwọn oníṣègùn eegun ti ṣàkíyèsí pé kí oríkèé náà yẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń di ẹsẹ̀ ìkókó ní títọ́ gbọnrangandan, kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń pọn ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ann Moore wá ṣiṣẹ́ ní Tógò nítòsí wa níbí. Ó rí bí ọkàn àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá wọn ti balẹ̀ tó. Nígbà tó padà sílé tó sì bí ọmọ tirẹ̀, ó gbìyànjú láti pọ̀n ọ́n, ọmọ ń yọ̀ bọ́. Ìyá rẹ̀ bá a rán àpò kan tí a lè gbé kọ́ ara. Wọ́n pè é ní Snugli, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1969. Lẹ́yìn náà ló di ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńláńlá. Ọgbọ́n àwọn ìyá ilẹ̀ wa ni wọ́n ń fi owó gọbọi rà yẹn. Àwọn ará wa ní London ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó sì dára níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó tẹ́jú. Arákùnrin kan fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní Ifẹ̀. Nígbà tí a rí i gbẹ̀yìn, kẹ́ẹ̀gì omi ni wọ́n fi ń gbé.

Kìkì pé kí a ṣọ́ra fún ìkókó tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le: kí aṣọ ìpọnmọ gòkè dé ìpàkọ́ rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ má tẹ̀ mọ́ àyà, kí imú rẹ̀ sì gba afẹ́fẹ́. Bí oòrùn bá mú, agbòòrùn ni, kì í ṣe aṣọ tí a fi bo orí ọmọ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, nítorí pé ìtàn kan wà nítòsí wa tó yẹ kí gbogbo ìyá ní Ọ̀ṣun mọ̀. Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Títí di ọdún 1961 tó kúrò, ó ṣiṣẹ́ ní Iléṣà àti ní ìlú Ìmẹsí-Ilé. Nígbà náà, ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ tí ara rẹ̀ yá yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú èyí tí ara rẹ̀ kò yá, àwọn ìkókó ni wọ́n sì ń wò jù. Ẹ̀gbọ́n tí a ti já lẹ́nu ọmú, tí ara rẹ̀ ń rù, ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí i. Morley kó gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ òrùlé kan fún gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ìyá bá dé, ìkókó á gba abẹ́rẹ́, wọ́n á wọn ẹ̀gbọ́n, wọ́n á fún ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú ní oògùn, ní ọjọ́ kan náà. Ó tún ṣe káàdì kan tí a ń fàlà sí lóṣooṣù láti fi hàn bí ọmọ ti ń tẹ̀wọ̀n sí i. Ìyá ni ó ń gbé káàdì náà lọ sílé nínú ọ̀rá, kì í ṣe ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú rẹ̀. Láti Iléṣà ni ètò yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé.

Ẹ wo bí ó ti rí: ọkùnrin náà ti wo ẹsẹ̀ ìyá. Ó mọ̀ pé ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú ọmọ méjì kò ní lè padà wá lọ́la nítorí èkejì. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ìkókó lọ fún abẹ́rẹ́, ẹ mú káàdì ẹ̀gbọ́n dání pẹ̀lú. Ẹ béèrè bóyá ó tó àkókò fún un láti gba fítámì A, tí a máa ń fún ọmọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, ẹ sì béèrè oògùn aràn. Ẹ ti mú un wá náà. Kí ìrìn rẹ̀ má já sí asán.

Nínú Bíbélì, ọmọ Jonatani, Mẹfiboṣẹti, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá nínú ìkánjú. Ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yarọ títí ayé. Kì í ṣe ọ̀tá ló ṣe é léṣe, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Jakọbu ní tirẹ̀ kọ̀ láti bá Esau arákùnrin rẹ̀ rìn pọ̀, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù nìkan. Ó sọ fún un pé àwọn ọmọ òun kò lágbára, pé bí wọ́n bá ti lè rìn ni òun yóò máa rìn. Ọkùnrin tó ní ìyàwó, ìránṣẹ́ àti agbo ẹran púpọ̀ fi ẹsẹ̀ ọmọ kékeré díwọ̀n ìrìn òun.

A sọ èyí nítorí àwọn bàbá. Ẹ jáde síta ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí ẹ wò ó. Bàbá wà níwájú, Bíbélì lábẹ́ apá, ó ń gbé ẹsẹ̀ gìrìgìrì. Ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ wà, ìkókó lẹ́yìn, báàgì ọmọ léjìká, ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, gèlè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Bàbá á bojú wẹ̀yìn, á ní, "Ẹ ti pẹ́ jù!" A kò sọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ní ọdún 1998, nígbà tí àwa náà ní ìkókó àti ọmọ ọdún mẹ́rin, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń rìn. Ìyàwó wa rán wa létí nígbà tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tún ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò tíì gbàgbé.

Nínú ìjọ wa ní Sábó, ohun díẹ̀ ti yí padà. Àwọn tó ń gba ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ìkókó mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń kí, òun ni wọ́n ń fà lọ́wọ́ wọlé dé ibi tí ìyá rẹ̀ yóò jókòó. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá kì í dá jáde pẹ̀lú ọmọ méjì, ẹnìkan ni yóò bá a dé ibi ọkọ̀. Àwọn mẹ́rin tó ní mọ́tò ti gbà láti pín ọjọ́ abẹ́rẹ́ láàárín ara wọn. Kò tíì gún régé. Lọ́sẹ̀ kan, mọ́tò bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ mìíràn, dírẹ́bà gbàgbé, ìyá sì dúró títí oòrùn fi mú. Arábìnrin kan kọ̀ láti wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé àwọn ló ń gbé òun kiri. A kò bá a jiyàn. A kàn ní kí ọ̀dọ́mọbìnrin kan máa bá a lọ kí ó lè di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú, ó sì gba ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ tí a sọ yẹn, ó kan àwa láti gbé arábìnrin wa lọ fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá. A yá àga ìkókó lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ìjọ, a sì pẹ́ kí a tó mọ bí wọ́n ti ń dè é. Nígbà tí a dé Sábó, a páàkì láti kí bàbá alálùbọ́sà. Ọmọkùnrin náà mọ̀ ọ́n, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fún ìyá ní àlùbọ́sà mẹ́ta, kò gba owó.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, a na ọwọ́ sí ọmọ náà kí a lè fà á wọlé. Ó kọ̀. Ó ní káàdì àbúrò òun ni òun fẹ́ gbé. A fún un ní káàdì náà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú mọ́ àyà bí ẹni gbé Bíbélì. Ìgbà náà ló wá na ọwọ́ òsì sí wa, a sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.